Máàkì Tí Màmá Fún Sájẹ́ǹtì

Ọkùnrin tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀ sí ló fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́, ó sì bẹ̀bẹ̀ pé kí a má ṣe fi ohunkóhun pamọ́ nínú rẹ̀. Ó ní bí ojú bá ti òun tán pátápátá, bóyá ti ẹlòmíràn kò ní tì. Ẹ jẹ́ ká ṣe bó ṣe wí.

Sájẹ́ǹtì ọlọ́pàá ni. "Mo-Ti-Mọ̀" ni wọ́n ń pè é ní tẹ́ṣàn, kì í sì í ṣe oríyìn. Bí ọ̀gá bá ń ṣàlàyé iṣẹ́ fún un, kò ní jẹ́ kó dé ìdajì kó tó dá a lóhùn pé, "Mo ti mọ̀, sà." Bí ìyàwó rẹ̀ bá ní kó ra iyọ̀ bọ̀, "Mo ti mọ̀." Ọṣẹ ni yóò rà dé.

Lọ́dún náà, ìwé ẹ̀rí kan ṣoṣo ló kù kó di Ìnsípẹ́kítọ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi ń gba ìwé ẹ̀rí ọ̀hún, níbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lórí àwọn àgbàlagbà tí iyè wọn ti ń ra: àwọn tó ń jáde nílé tí wọn kì í mọ ọ̀nà padà, àwọn tó ń gbàgbé orúkọ ọmọ tí wọ́n bí. Wọ́n pe ọlọ́pàá, wọ́n pe panápaná, wọ́n pe àwọn tó ń wa áńbúláǹsì, nítorí àwọn ni ará ìlú máa ń ké sí bí irú àgbàlagbà bẹ́ẹ̀ bá sọnù.

Nọ́ọ̀sì kan tó ti fẹ̀yìn tì ni olùkọ́ wọn. Ohùn rẹ̀ tutù bí omi àmù. Ní àárọ̀ ọjọ́ kìíní, Sájẹ́ǹtì buwọ́ lùwé, ó lọ jókòó sẹ́yìn pátápátá.

Olùkọ́ ní, "Ohun àkọ́kọ́ tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ ni pé..."

"Mo ti mọ̀," ni Sájẹ́ǹtì wí nínú ara rẹ̀. "Ìyá tó bí ìyá mi ṣarán kó tó kú. Kí ló kù tí wọ́n fẹ́ kọ́ mi?"

Ó yọ́ dìde bí ẹni tó fẹ́ lọ tọ̀, ó gba ilẹ̀kùn ẹ̀yìn jáde.

Lẹ́yìn gbọ̀ngàn náà ni áńbúláǹsì dúró sí. Ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀, atẹ́gùn ń fẹ́ wọ inú rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ibùsùn aláìsàn wà níbẹ̀, aṣọ funfun báláú lórí rẹ̀, ìrọ̀rí wà lórí aṣọ.

Àwa èèyàn máa ń rò pé ìdánwò yóò hu ìwo kó tó wá bá wa. Irọ́ ni. Nígbà míì, ìrọ̀rí ló máa ń gbé wá.

Ó sùn títí wọ́n fi parí ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà.

Ní ọjọ́ kejì, ó tún buwọ́ lùwé, ó tún gba ẹ̀yìn jáde. Oorun ti gbé e lọ jìnnà nígbà tí wọ́n pe awakọ̀ áńbúláǹsì pé kó gbé ọkọ̀ bọ̀ ní ọsibítù kíákíá. Obìnrin gíga kan tí kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò ni awakọ̀ yìí. Ó sáré jáde, ó ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn pa gbàgà, ó fò sídìí ọkọ̀. Kò wo inú.

Nígbà tí wọ́n dé ọsibítù, àwọn òṣìṣẹ́ ṣí ilẹ̀kùn, wọ́n rí ọkùnrin kan tó nà gbalaja lórí ibùsùn. Wọ́n fà á bọ́ sílẹ̀ tòun ti ibùsùn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ eré.

"Kí ló ṣe é?"

"A ò tíì mọ̀. Kò mira!"

Sájẹ́ǹtì lajú, ó rí iná àjà tó ń sáré kọjá lójú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Nọ́ọ̀sì kan ti ń so nǹkan mọ́ ọn lápá.

"Bàbá, ibo ló ń dùn yín?"

Kí ni ọkùnrin yóò sọ? Pé oorun ló ń sun òun? "Ẹ̀... ẹ̀yìn," ni ó wí.

"Láti ìgbà wo?"

"Láti àná."

Wọ́n gún un ní abẹ́rẹ́ méjì nídìí. Ó sì tọ́ sí i.

Nígbà tí awakọ̀ ń gbé e padà, ó ń wo ojú rẹ̀ nínú dígí. Ó wá ní, "Sájẹ́ǹtì, mi ò ní fẹjọ́ yín sùn. Ṣùgbọ́n ohun tí obìnrin yẹn ń kọ́ wa, ẹ máa nílò ẹ̀ lọ́jọ́ kan."

"Mo ti mọ̀," ni Sájẹ́ǹtì wí. Ẹ̀gbẹ́ kan ló fi jókòó.

Ní ọjọ́ kẹta, ó wà nínú gbọ̀ngàn ní wákàtí tó kẹ́yìn, torí pé ìgbà yẹn ni wọ́n pín ìwé ẹ̀rí. Ohun kan ṣoṣo tó gbọ́ nínú ẹ̀kọ́ ọjọ́ mẹ́ta ni èyí tí olùkọ́ sọ gbẹ̀yìn.

"Ní Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀, màá rán ẹnì kan sí tẹ́ṣàn yín. Yóò ṣe bí àgbàlagbà tó sọnù. Ẹ ò ní mọ̀ ọ́n. Bí ẹ bá ṣe gbà á ni màá kọ ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀gá yín. Ẹni tí kò bá yege níbẹ̀, màá gba ìwé ẹ̀rí mi padà lọ́wọ́ rẹ̀."

Ẹlòmíràn ì bá wá ẹni tó fetí sílẹ̀, kó bi í ní ohun tí wọ́n kọ́. Sájẹ́ǹtì rẹ́rìn-ín músẹ́. Ṣé eré ni wọ́n fẹ́ ṣe? Òun náà mọ eré ṣe.

Nígbà tó dé tẹ́ṣàn, àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ yí i ká.

"Sájẹ́ǹtì, kí ni wọ́n kọ́ yín?"

"Ha, ẹ̀kọ́ ńlá ni." Ó na ọrùn sókè. "Ìkíní, ẹ gbọ́dọ̀ pariwo, torí etí wọn ti wúwo. Ìkejì, ẹ bi wọ́n pé: lónìí, ọjọ́ wo ni? Bí wọn ò bá mọ̀ ọ́n, ẹ tún bi wọ́n. Ẹ má dẹ́kun títí wọ́n á fi mọ̀ ọ́n."

Obìnrin tó ń gbálẹ̀ tẹ́ṣàn, Ìyá Onígbálẹ̀ ni gbogbo wọn ń pè é, wà lórí ìkúnlẹ̀ lẹ́bàá káńtà, ó ń nu ilẹ̀. Ó gbórí sókè.

"Sájẹ́ǹtì, ṣé bẹ́ẹ̀ gan-an ni wọ́n wí?"

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ilẹ̀ ni kí ẹ bá sọ̀rọ̀."

Ìyá Onígbálẹ̀ tẹrí ba, ó ń nu ilẹ̀ rẹ̀ lọ.

Ọjọ́bọ̀ pé. Sájẹ́ǹtì lọ aṣọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kó tó jáde nílé. Nígbà tó di nǹkan bí agogo méjìlá ọ̀sán, àwọn tó kù ti lọ jẹun, Ìyá Onígbálẹ̀ ti lọ pọnmi, ọ̀gá wà nínú yàrá rẹ̀ lẹ́yìn. Sájẹ́ǹtì nìkan ló wà ní káńtà nígbà tí màmá arúgbó kan wọlé.

Bàtà wà ní ẹsẹ̀ òsì rẹ̀, sálúbàtà wà ní ti ọ̀tún. Ó di báàgì kan mú mọ́ àyà gírígírí.

"Ẹ káàsán o," ni Màmá wí. "Ẹ jọ̀ọ́, aago mélòó ló lù? Mo ti pẹ́. Àwọn ọmọ á ti máa dúró lẹ́nu géètì, níbi ògiri búlúù yẹn. Ó dà bíi pé wọ́n ti yí ọ̀nà ibẹ̀ padà."

Sájẹ́ǹtì wò ó láti òkè délẹ̀. Bàtà kan, sálúbàtà kan! "Ẹni yìí mọṣẹ́," ló wí lọ́kàn. Ó dìde, ó fẹsẹ̀ janlẹ̀, ó kí i bí ológun.

"MÀMÁ! Ẹ KÁÀBỌ̀ SÍ TẸ́ṢÀN WA!"

Màmá fà sẹ́yìn. "Kí ló dé tí o ń pariwo? Etí mi ò di."

"ỌJỌ́ WO LÒNÍÌ?"

"Ọjọ́ iléèwé ni."

Sájẹ́ǹtì fọwọ́ gbá káńtà, ó rẹ́rìn-ín títí. "Ọjọ́ iléèwé! Màmá, ẹ máa pa mí. Níbo ni wọ́n ti rí yín?"

"Ìwọ ọmọ yìí, gbọ́ mi. Mo ní àwọn ọmọ ń dúró. Wọ́n kéré. Mi ò lè lọ sílé bí ọ̀kan bá ṣẹ́kù nínú wọn." Omi lé sí Màmá lójú.

Sájẹ́ǹtì pàtẹ́wọ́. Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀yin òǹkàwé, ojú yín kò tàn yín jẹ: ó pàtẹ́wọ́ fún omijé ìyá oníyàá.

"Omijé gidi! Ẹ jọ̀ọ́, báwo lẹ ṣe ń ṣe é?"

"Má fi mí ṣẹ̀sín," ni Màmá wí wúyẹ́wúyẹ́.

Sájẹ́ǹtì wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó ṣẹ́jú sí i. "Màmá, ó tó báyìí. Mo ti mọ̀. Àwa méjì nìkan ló wà níbí. Ẹ kàn bá mi kọ máàkì mi síbí, kí ẹ máa lọ." Ó ti pépà àti báírò síwájú rẹ̀.

Nígbà tí báírò kan Màmá lọ́wọ́, ẹ̀yìn rẹ̀ tọ́. Omijé dúró. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ó tẹ̀ mọ́ káńtà, ó kọ ọ̀rọ̀ ìlà mẹ́rin, ó fa ìlà tín-ínrín sábẹ́ rẹ̀, ó sì ká pépà náà sí méjì.

"Fún bàbá rẹ," ni ó wí.

"Hẹn-ẹn! Fún bàbá mi!" Sájẹ́ǹtì tún rẹ́rìn-ín. Ó ki pépà bọ àpò àyà. Kò kà á. Kí ló tún fẹ́ kà níbẹ̀? Ó ti mọ̀.

Òun fúnra rẹ̀ ló ṣí ilẹ̀kùn. "Ẹ gba ọ̀tún, ẹ gba òsì, èyí tó bá wù yín. Ẹ bá mi kí olùkọ́ wa!"

Màmá gba òsì, níhà títì ńlá, níbi tí àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ti ń sáré.

Ó tó wákàtí méjì lẹ́yìn náà kí bàbá arúgbó kan tó fi ọ̀pá tẹlẹ̀ wọlé. Sájẹ́ǹtì ń jẹ bísíkíìtì.

"Ọmọ mi, mò ń wá ilé mi. Mi ò mọ ibi tó wà mọ́."

Sájẹ́ǹtì kò gbórí sókè. Òun ti yege ìdánwò tòun. "Bàbá, ibí kì í ṣe ilé arúgbó. Ẹ lọ jókòó síta, àwọn èèyàn yín á wá yín wá."

Ni bàbá bá nà dúró ṣánṣán. Ó fi ọ̀pá há abíyá, ó yọ ìwé pélébé kan lápò, ó kọ nǹkan sí i. Ohùn rẹ̀ yí padà.

"Ẹ ṣeun, Sájẹ́ǹtì. Olùkọ́ nọ́ọ̀sì ló rán mi. Ìdánwò ti parí."

Bísíkíìtì há Sájẹ́ǹtì lọ́nà ọ̀fun. "Ẹ̀yin kẹ̀? Màmá tó kọ́kọ́ wá ńkọ́?"

"Màmá wo? Èmi nìkan ni wọ́n rán." Ó gbé fìlà rẹ̀ dé, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ilẹ̀kùn kò tíì pa dé tí ọkùnrin kan fi já wọlé, ó ti hu ewú, òógùn bò ó. Ó na fóònù rẹ̀ sókè. "Ẹ gbà mí! Ìyá mi ni! A ò rí i láti agogo mọ́kànlá. Iyè rẹ̀ ti ń ra, kò lè dá rìn!"

Sájẹ́ǹtì wo fọ́tò inú fóònù. Màmá oníbàtà kan, onísálúbàtà kan ló ń wò ó níbẹ̀.

Ariwo yìí ló mú ọ̀gá jáde. Nígbà tó gbọ́ ọ̀rọ̀, ó gbá Sájẹ́ǹtì léjìká. "Ọpẹ́ ni pé a ní ẹni tó gba ìwé ẹ̀rí. Mo-Ti-Mọ̀, ìwọ ni olórí ìwákiri. Kí ni ká ṣe?"

Bó bá sọ òtítọ́ níbẹ̀, Ìnsípẹ́kítọ̀ di àlá. Bí kò bá sọ ọ́, ta ló máa mọ̀?

"Ẹ tan síréènì," ni ó wí. "Kí gbogbo ọkọ̀ máa ké."

Bí wọ́n ṣe jáde nìyẹn: ọkọ̀ ọlọ́pàá, ọkọ̀ panápaná, áńbúláǹsì, gbogbo wọn ń ké títí ìlú fi dà rú. Sájẹ́ǹtì darí wọn sí òsì.

"Kí ló dé tó jẹ́ òsì?" ni ọ̀gá bi í.

"Ọkàn mi ló ń sọ fún mi, sà."

Wọ́n ké lọ, wọ́n ké bọ̀. Ajá gbó, ọmọdé sá, ojú ọ̀run ṣú. Wọn kò rí Màmá. Wọ́n padà sí tẹ́ṣàn, wọ́n dúró yí káńtà ká bí ẹni tí ẹja bọ́ mọ́ lọ́wọ́.

Ìyá Onígbálẹ̀ gbé garawa sílẹ̀. "Ọ̀gá, ẹ dákun, ẹ má tan síréènì mọ́. Bí wọ́n bá gbọ́ ariwo, ṣe ni wọ́n máa ń sá pamọ́."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún yín?"

"Èmi náà ni mò ń gbá gbọ̀ngàn tí wọ́n ti kẹ́kọ̀ọ́. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi nu fèrèsé kan ṣoṣo. Ìgbálẹ̀ kì í di etí, sà."

"Òótọ́ ló sọ," ni awakọ̀ áńbúláǹsì wí. Ó tẹjú mọ́ Sájẹ́ǹtì.

Ìyá Onígbálẹ̀ ń bá ọ̀rọ̀ lọ. "Olùkọ́ ní, ohun àkọ́kọ́ tí òun fẹ́ kí wọ́n mọ̀ ni pé àgbàlagbà tí iyè rẹ̀ ń ra kì í rìn lásán. Ibì kan ló ń lọ, ibi tí iyè rẹ̀ ṣì wà. Torí náà, kí a tó wá a, kí a bèèrè: ta ló rí i gbẹ̀yìn, kí ló sì sọ?"

Gbólóhùn tí Sájẹ́ǹtì kò jẹ́ kó parí ní àárọ̀ ọjọ́ kìíní ló ń gbọ́ ìparí rẹ̀ yìí, lẹ́nu obìnrin tí òun fúnra rẹ̀ ní kó bá ilẹ̀ sọ̀rọ̀.

"Ta ló rí i gbẹ̀yìn?" ni ọ̀gá bèèrè.

Òjò bẹ̀rẹ̀ sí í ta sórí páànù, ẹyọ kan, ẹyọ méjì. "Kò mú agbòjò," ni ọmọ Màmá wí, kò sì sí ẹni tó ń bá sọ ọ́.

Sájẹ́ǹtì mọ̀ pé bí òun bá dákẹ́, òun bọ́ nínú rẹ̀. Ó sì mọ̀ pé nínú gbogbo ayé, òun nìkan ló mọ ohun tí Màmá sọ. Màmá fúnra rẹ̀ lè ti gbàgbé. Àwọn àgbà ní ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa ń bá irọ́ tó ti lọ fún ogún ọdún. Irọ́ tirẹ̀ kò tíì lo ọ̀sẹ̀ méjì, ó sì ti ń pa ìyá oníyàá lọ.

"Èmi ni," ni ó wí.

"Ìwọ ni kí ni?"

"Ó wá síbí, sà. Mo rò pé ẹni tó wá dán mi wò ni. Mo... mo ní kó fún mi ní máàkì." Ó yọ pépà lápò àyà.

Ọ̀gá ṣí i, ó kà á sókè. "'Aláriwo ọmọ ni. Kì í fetí sílẹ̀. Ó gba méjì nínú mẹ́wàá. Kí bàbá rẹ̀ wá rí mi.'"

Ọlọ́pàá kan fẹ́ bú sẹ́rìn-ín, ó fi ikọ́ bò ó.

Ọmọ Màmá gba pépà náà. "Ọwọ́ ìyá mi nìyí. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì kìíní." Ó yíjú sí Sájẹ́ǹtì. Kò bú u. Ì bá sàn kó bú u. "Kí ló sọ? Ẹ jọ̀ọ́, kí ni ìyá mi sọ fún yín?"

"Ó ní àwọn ọmọ ń dúró lẹ́nu géètì, níbi ògiri búlúù. Ó ní òun ò lè lọ sílé bí ọ̀kan bá ṣẹ́kù."

"Iléèwé rẹ̀ àtijọ́!" Ọmọ Màmá gbá àyà. "Wọ́n ti wó o tipẹ́. Ibi tí wọ́n ń kó pákó sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ńlá ni báyìí!"

Wọ́n lọ láìké síréènì. Ìyá Onígbálẹ̀ mú agbòjò rẹ̀ dání, ó bá wọn lọ.

Ọkọ̀ akẹ́rù kan tó ru pákó gègèrè ń fi ẹ̀yìn rìn bọ̀ lẹ́nu géètì ọgbà pákó náà. Àárín géètì gan-an ni Màmá dúró sí nínú òjò, ó kọ ẹ̀yìn sí ọkọ̀, ó na apá méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ bí ẹni tó ń dá àwọn ọmọ dúró kí wọ́n má sáré sí títì. Ọlọ́dẹ ibẹ̀ ń kígbe pé, "Màmá, ẹ kúrò níbẹ̀!"

"Ẹ dúró!" ni Màmá ń wí. "Àwọn ọmọ ń kọjá!"

Awakọ̀ áńbúláǹsì ti bọ́ sílẹ̀ kí ọkọ̀ rẹ̀ tó dúró tán. Ó sáré dé ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù, ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì lu ilẹ̀kùn rẹ̀ gbàgbàgbà. Ọkọ̀ náà dúró. Ohun tó kù láàárín pákó àti ẹ̀yìn Màmá kò tó apá kan.

Àwọn ọkùnrin fẹ́ ya lù ú. Ìyá Onígbálẹ̀ dá wọn dúró. Ó gba iwájú lọ, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, kí Màmá lè rí i bó ṣe ń bọ̀. Ó ṣí agbòjò.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá. Ẹ jẹ́ kí n bá yín dúró."

"O ṣeun. Bá mi wò ó, ṣé ẹnì kankan ṣẹ́kù?"

Àwọn méjèèjì wo ọ̀tún, wọ́n wo òsì, láìkánjú. "Mi ò rí ẹnì kankan mọ́, Màmá. Wọ́n ti wá mú gbogbo wọn."

Ọmọ Màmá rọra sún mọ́ wọn. Màmá wo ewú orí rẹ̀.

"Ìwọ bàbá yìí, ọmọ ta ni o wá mú?"

Ọkùnrin náà tẹrí ba. "Ẹ̀yin ni mo wá mú, Màmá. Ẹ̀yin nìkan ló kù."

Màmá rò ó díẹ̀. "O pẹ́ kó o tó dé," ni ó wí, ó sì na ọwọ́ sí i.

Sájẹ́ǹtì ṣí fìlà, ó fẹ́ wá tọrọ àforíjì. Màmá kò mọ̀ ọ́n. Kò rántí tẹ́ṣàn, kò rántí pépà. Ṣùgbọ́n bó ti rí ojú rẹ̀, ó sá sẹ́yìn Ìyá Onígbálẹ̀. "Má jẹ́ kí ẹni yẹn sún mọ́ mi. Mi ò mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n inú mi kò dùn sí i."

Ìyá Onígbálẹ̀ ní, "Sájẹ́ǹtì, olùkọ́ sọ èyí náà. Ó ní ọ̀rọ̀ lè sá kúrò lórí wọn, ṣùgbọ́n ohun tí ọ̀rọ̀ ṣe fún ọkàn wọn kì í tètè lọ."

Kò sí ẹjọ́ tí ilé ẹjọ́ ì bá dá fún un tó lè dùn ún ju ìyẹn lọ.

Wọ́n gba ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ rẹ̀. Orúkọ rẹ̀ kúrò lára àwọn tí yóò di Ìnsípẹ́kítọ̀. Wọ́n dá a padà síbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́, ìlà iwájú, Ìyá Onígbálẹ̀ ló sì jókòó tì í, torí pé ọ̀gá ní kí òun náà lọ gba ìwé ẹ̀rí tirẹ̀. Olùkọ́ ní, "Ohun àkọ́kọ́ tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ ni pé..." Ẹnu Sájẹ́ǹtì là, "Mo ti..." Ìyá Onígbálẹ̀ kàn yí orí, ó wò ó. Sájẹ́ǹtì pa ẹnu náà dé.

Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Ẹni tó bá ní òun ti mọ̀ kó tó gbọ́, àgbà tí kò ṣe wèrè ni yóò pè ní òṣèré.

Sájẹ́ǹtì gba àyè lọ́wọ́ ọmọ Màmá pé kí òun máa yà kí i ní gbogbo Ọjọ́bọ̀. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, Màmá kò jẹ́ kó wọlé. Lọ́sẹ̀ kejì, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Ó tó oṣù méjì kí Màmá tó nawọ́ sí àpótí kékeré kan níwájú rẹ̀.

"Jókòó síbẹ̀. Ojú rẹ jọ ojú ẹni tí kò mọ nǹkan kan."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá," ni Mo-Ti-Mọ̀ wí. "Mi ò mọ̀."

Màmá sọ ìtàn iléèwé tó ní ògiri búlúù fún un. Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹrin, ọ̀kan náà. Sájẹ́ǹtì gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹrin, kò lanu. Lẹ́yìn náà ni Màmá ní kí wọ́n fún òun ní báírò.

Màmá kọ ọ̀rọ̀ tán, ojú ẹsẹ̀ sì ni Sájẹ́ǹtì kà á lọ́tẹ̀ yìí: "Ó ti ń fetí sílẹ̀ díẹ̀. Mẹ́ta nínú mẹ́wàá."

Ó ti kọ́ ọ sára ògiri pálọ̀ rẹ̀, síbi tí ìwé ẹ̀rí wà tẹ́lẹ̀. Bí àlejò bá bèèrè ohun tó jẹ́, yóò ní máàkì òun ni, ó ku méje.